Ọrun Tí Ọ̀gá Mi Ti Yẹ̀ Wò

Ojú ọ̀tún mi ń ríran. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá lójo bíi tèmi kò ní í lè ka ìtàn yìí dópin tí kò bá mọ ibi tó máa já sí. Ó ń ríran. Òun náà ni mo fi ń wo ohun tí mo ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń ta ọrun àti ọfà, tí mo sì ń tún wọn ṣe, ní Malu Road, ní Àpápá. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ọrun bíi ti inú fíìmù yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni, irú rẹ̀ ni. Àwọn ọdẹ láti òkè máa ń wá rà á nítorí kì í pariwo bí ìbọn. Àwọn apẹja etí omi máa ń rà á, wọ́n á so okùn mọ́ ọfà, wọ́n á fi gún ẹja níbi tí omi ò ti jìn, wọ́n á sì fà á wọkọ̀. Mo rí i pé àwọn ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ kì í bi wá ju ìbéèrè kan lọ: ṣé èèyàn lè jẹun nídìí ẹ̀? Mo jẹun. Mo rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé, Kúdí ni àkọ́bí wọn. Ohun tí wọn kì í bi wá ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá mi ló mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá. Wáàfù ni wọ́n ti ń ru ẹrù, mọ́sálásí kan náà ni àwọn àti Ọ̀gá Lámídì sì ti ń kírun, àwọn méjèèjì jẹ́ ará Òkè-Ògùn. Ọ̀gá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, láàárín fọkanáísà kan àti àwọn tó ń jó irin tírélà, wọ́n ń fi ọ̀bẹ há igi.

"Lámídì, Rísì ọmọ mi rèé," ni bàbá mi wí. "Kọ́ ọ níṣẹ́."

Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀. "Obìnrin?"

"Ṣé ọrun mọ obìnrin yàtọ̀ ni?"

"Ọrun ò mọ̀. Àwọn oníbàárà ló mọ̀." Wọ́n tún wò mí. "Ṣé ó máa ń gbọ́ràn?"

"Ó máa ń gbọ́ jù."

"Ìyẹn náà ò dáa tó," ni Ọ̀gá wí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí.

Ní ìgbà yẹn, Ọ̀gá ṣì ń fi igi gbẹ́ ọrun fúnra wọn. Kò pẹ́ sí i ni ọrun òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, pẹ̀lú àwọn àlòkù inú kọ̀ǹténà: kẹ̀kẹ́, àga, bọ́ọ̀lù, ọrun. Èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù ni èyí tí à ń pè ní tékìdáùn. Ó ṣeé tú sí mẹ́ta: igi ìdìmú láàárín, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tù méjì ló sì de gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orí àwọn apá náà tẹ̀ síwájú bí imú ọkọ̀ ojú omi, ìtẹ̀ yẹn ló sì ń fún ọfà lágbára. Ọdẹ lè tú u, kó tì í sínú àpò, kó wọ mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀, kí ẹni tó jókòó tì í má sì mọ̀ pé ọrun ló gbé sórí ẹsẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ọsán, ìyẹn okùn tí à ń fà lára ọrun. Òwú ni Ọ̀gá kó fún mi. Èmi náà ń rò ó pé ṣé ilé ìwòsàn ni mo wá ni. Láràárọ̀, wọ́n á to apá ọrun mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n á ní kí n fi òwú pa wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, tinútìta, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi tí ara apá bá ti dán, òwú á yọ̀ lọ. Níbi tó bá ti sán, bó ti wù kó kéré tó, òwú á há, fọ́nrán rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn apá tí wọ́n tò yẹn ni kò dáa, wọn kì í sì í sọ fún mi èwo ni. Tí n kò bá rí i, mo máa pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu.

"Mo ti wò ó dáadáa, sà," mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ebi ń pa mí.

"Ta ló ní kó o wò ó? Ojú máa ń fẹ́ràn ohun tó bá rẹwà. Òwú ò mọ ohun tó rẹwà."

Wọ́n le. Mi ò ní í parọ́ pé wọn ò le. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ àárín ọrun kó lè gbé ọsán wọ̀ ọ́ bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe máa ń ṣe. Okùn gígùn kan wà tí a fi ń ṣe é, òun nìkan ni wọ́n gbà láàyè, torí apá tí wọ́n bá fi itan tẹ̀ máa ń lọ́. Tí a bá sì gbé ọsán wọ̀ ọ́ tán, a ó di ọrun náà mú, a ó wò ó láti orí dé ìdí, ká rí i pé àárín gbùngbùn ni ọsán gbà kọjá. Tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, a ó tú u palẹ̀. Èyí tí wọ́n kórìíra jù lọ ni kí èèyàn fa ọsán kó sì jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn ní oṣù kẹta. Ọ̀gá lọ kírun alásàrì. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọrun pupa kan sì wà lórí ìṣó. Mo fà á. Ó dùn mọ́ mi lápá. Mo jù ú sílẹ̀. Ó dún páà, débi pé fọkanáísà gbé orí sókè nídìí táyà. Nígbà tí Ọ̀gá dé, kò sẹ́ni tó rojọ́ fún wọn. Wọ́n kàn wo ojú mi.

"Ọfà dà?"

"Kò sí ọfà, sà."

Wọn ò nà mí. Wọ́n jókòó. "Agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ, níbo ló lọ?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Inú apá ọrun ló padà sí. Wá a lọ níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Òwú kan tán, mo mú òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́bàá orí apá òkè, òwú há. Mo tẹ orí bá, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Mo yọ̀, mo ké pe Ọ̀gá. Wọ́n mú ayùn, wọ́n rẹ́ apá náà sí méjì lójú mi kí ẹnikẹ́ni má baà rà á láéláé, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo sunkún. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọ̀gá a máa fi kún un pé apá tó já burú ju ọsán tó já lọ, torí ọsán kì í gbá ẹni tó fà á lójú.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán tí mo ń dá oníbàárà lóhùn, ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa oníbàárà tí Ọ̀gá sọ lọ́jọ́ tí mo dé kì í ṣe àwàdà. Ọdẹ kan wá láti òkè lọ́jọ́ kan, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Lára apá ọrun, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe le tó láti fà. Ó tọ́ka sí èyí tí wọ́n kọ márùndínlọ́gọ́ta sí.

"Ẹ fà á, kẹ́ ẹ dì í mú, kí n kà dé mẹ́wàá," mo ní.

"Ìyá, mo máa ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì pọ̀ o!"

"Sìmẹ́ǹtì kì í fà yín padà. Ẹ fà á."

Ó fà á. Mo ń kà. Nígbà tí mo dé ẹẹ́fà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Àwọn ajórin ti pé jọ.

"Ẹ fún un ní ti obìnrin!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe.

"Ti obìnrin ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn," mo ní. "Èmi ni mo máa ń fà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọdẹ náà fi dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ra ogójì. Lẹ́yìn ọdún kan ó padà wá, ó gbé ẹran ìgbẹ́ tó ti yan wá fún mi, ó sì ra apá márùndínláàádọ́ta. Igi ìdìmú rẹ̀ àtijọ́ náà la de apá tuntun mọ́. Ibi tí tékìdáùn ti ń gba ẹni tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn: kò pọn dandan kí o ra ọrun méjì. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ rà á lónìí, kí ẹ gbà mí gbọ́, ẹ má ṣe ná owó yín sórí àwọ̀ tó ń dán tàbí orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà. Igi ìdìmú lè ti gbó, ó lè ti họ, bí ihò nọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ti le, kò séwu. Apá ni kí ẹ fi owó yín rà. Apá tó fúyẹ́ tó sì pé sàn ju èyí tó le tó sì ti sán lọ. Ẹ sì béèrè bóyá ẹ máa rí irú apá bẹ́ẹ̀ rà tí èyí bá bàjẹ́. Èyí tí ẹ kò lè rí apá rẹ̀ rà mọ́, igi ìdáná ni.

Fún ti ẹja, márùndínlógójì tó. Apẹja ń fà á nígbà púpọ̀ láàárọ̀ kan, ibi tó sì sún mọ́ ọn ló ń ta á sí. Kí ọrun má gùn jù, kó má baà máa kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé omi ń gbé ẹja sókè lójú ẹni, abẹ́ ẹja ni kí ẹ wò. Kí ẹ sì kíyè sí okùn tó wà lẹ́yìn ọfà. Tó bá lọ́ mọ́ ọsán tàbí mọ́ ìka yín, ọfà yẹn ò ní í lọ bá ẹja, ọ̀dọ̀ yín ló máa padà sí. Ní ìgbà tèmi, agolo mílíìkì la máa ń kàn mọ́ iwájú ọrun tí a ń ká okùn náà mọ́, àbẹ́là la sì fi ń pa ọsán kó má baà tú. Nígbà tó yá, rólà dé, ó ń ká okùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, gbogbo oníbàárà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n á na fóònù sí mi, "Màmá, irú èyí gan-an ni." Èmi á ní kí wọ́n fà á kí n kà dé mẹ́wàá. Fóònù ò tíì rí nǹkan ṣe sí ìyẹn.

Ọ̀gá dàgbà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Láti bí ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, mo ti ń rí àwọn nǹkan kan. Wọ́n máa ń gbé fóònù sún mọ́ imú. Wọ́n kí ìyàwó fọkanáísà bí ẹni pé ìyá ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù, wọ́n sì sọ pé kọ́ọ̀bù ló jò. Èmi rí i, fọkanáísà rí i, àwọn ajórin rí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń wo nǹkan pé ojú rẹ̀ ò ríran mọ́?

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, Ọ̀gá dé pẹ̀lú àpò gígùn lábẹ́ abíyá.

"Rísì, wá wo ohun rere."

Ó rẹwà lóòótọ́. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, igi ìdìmú rẹ̀ sì dán bíi dígí. Inú kọ̀ǹténà kan tó ti jókòó sínú oòrùn ní èbúté Tin Can fún oṣù bíi mélòó kan ló ti jáde, Ọ̀gá fúnra wọn ló sì lọ ṣà á níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù náà.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni wọ́n wí. "Kò sí àmì kankan lára ẹ̀."

Tìmì wà níbẹ̀. Apẹja ni, ará Delta tó ń gbé létí omi ní Ajégúnlẹ̀, ó sì ti ń wá irú ọrun bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dìde nílẹ̀. "Ha! Màmá Kúdí, àbẹ́ẹ̀gì, tèmi nìyí o. Ọ̀gá, you try!"

Mo ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Òwú ti wà láàárín ìka mi. Mo wo Ọ̀gá, wọ́n kọjú sí mi, inú wọn ń dùn. Lójú oníbàárà, kí n wá fi òwú pa ọrun tí ọ̀gá mi sọ pé àwọn ti yẹ̀ wò? Ó dà bí kí ìyá ẹni gbé oúnjẹ fúnni, kí a kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó tún burú ju ìyẹn lọ, torí tí mo bá pa á, ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni pé mo mọ̀ nípa ojú wọn. Mo jọ̀wọ́ òwú náà sínú àpò. Àwọn àgbà ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Mo fàgbà fún Ọ̀gá, ayé mi ò sì gún lọ́jọ́ yẹn.

Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹni tó ń tà á ló máa kọ́kọ́ fà á kí ẹni tó fẹ́ rà á tó fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àṣà yẹn, torí Tìmì ní ọmọ kéékèèké. Mo de apá méjèèjì mọ́ igi, mo gbé ọsán wọ̀ ọ́, mo fi ọfà sí i, mo kọjú sí àpò àkísà tí a máa ń ta á sí. Mo fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo gbọ́ ohun kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ tuntun. Nǹkan gbá mi lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo gbóná, ó sì pupa.

"Jísọ́ọ̀sì! Màmá Kúdí! Ẹ má fọwọ́ kàn án! No touch am!" Ohùn Tìmì nìyẹn.

Mo sì gbọ́ ohùn Ọ̀gá. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Rísì? Ẹ̀yin èèyàn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni wọ́n fi jìnnà sí mi, wọ́n sì ń béèrè.

Tìmì gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò mí lójú títí a fi dé ọsibítù. Wọ́n rán ìpéǹpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹyinjú, pé kí n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú báńdéèjì, lẹ́yìn náà la máa tó mọ̀. Mo bi í pé ṣé ó máa ríran. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ṣèlérí fún yín, mà." Ojú lọba ara. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọba mi wà lábẹ́ àkísà, ẹ̀rù sì bà mí.

Ọkọ mi, Bàbá Kúdí, ń wa tírélà. Wọ́n mú ègé kan lára apá tó ṣẹ́ náà wá, wọ́n fi èékánná ya á. Ó ń ṣí bí ìwé.

"Gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ti yọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ò tíì wọ inú kọ̀ǹténà tó ti wà nínú oòrùn rí ni. Tí o bá fi ẹyin sílẹ̀ níbẹ̀, á jinná."

Ìta rẹ̀ dán, inú rẹ̀ ti túká. Etí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú ì bá sì há níbẹ̀.

"Bàbá Kúdí," mo ní, "tí Ọ̀gá bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé èmi ni mo fà á kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ sì sọ pé ojú ọgbẹ́ náà kéré."

"O fẹ́ kí n purọ́ fún àgbàlagbà?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n lè máa rí oorun sùn."

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kẹta. Tìmì ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Bàbá Kúdí sọ ohun tí mo ní kí wọ́n sọ, pé ọgbẹ́ náà kò ju bíńtín lọ. Ọ̀gá jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Wọn ò bi mí bí ara ṣe rí.

"Kí ni òwú wí?"

"Ó yọ̀, sà. Láti òkè délẹ̀. Èmi ni mo fà á jù."

Tìmì húkọ́. "Màmá, ẹ má bínú o. Òwú kankan ò sí níbẹ̀. I dey there now."

Ọ̀gá mi orí. "Mo ti mọ̀. Mo gbé ìyókù apá náà sórí ẹsẹ̀ mi, mo fi òwú pa ibi tí kò tíì ṣẹ́. Ó há níbi mẹ́ta. Rísì, ta ló sọ fún ẹ pé kó o yọ tèmi sílẹ̀?"

"Ẹ ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Òwú mi já bọ́ níbi tí mo ti rà á. Mi ò rí ibi tó bọ́ sí. Ojú tì mí láti ní kí wọ́n bá mi wá a. Mo bá fi ìka pa á. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́."

Dókítà ti wọlé nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó dúró, ó ń wo Ọ̀gá, kì í ṣe èmi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbi fèrèsé." Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ojú wọn. "Ó ti tó ìgbà wo tí èyí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún méjì."

"Nǹkan funfun ti bo ojú méjèèjì. Ó ṣeé yọ. Ta ló mọ̀ nílé?"

Èmi ni mo wá sọ ọ́ láti orí ibùsùn: "Gbogbo wa la mọ̀."

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n tú báńdéèjì mi. Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà fèrèsé, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọkọ mi tí epo ẹ́ńjìnnì wà léèékánná rẹ̀. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Dókítà ní kí n ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo kà wọ́n pẹ̀lú ẹkún. Mo ṣì máa ń rí òjìji kékeré kan létí ojú náà tí oòrùn bá mú, ìyẹn ò tó nǹkan.

Mo gbìyànjú láti padà sídìí iṣẹ́. Mo gbé ọrun kan, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ta ọfà kan lẹ́yìn mi, ọsán dún, èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá gbà pé ó tó. Mo bá Tìmì yan ọrun mìíràn, mo fi òwú pa á lójú rẹ̀, mo jẹ́ kí ẹlòmíràn fà á, mo sì fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan ń kẹ́dùn pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò mọ bí ara ṣe tù mí tó. Mo ń jí láàárọ̀, mi ò ní láti fa nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, kò síṣẹ́ tí kò léwu tirẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ fẹ́ lọ jẹ́ ibi tí ọmọṣẹ́ ti lè sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ dákun sà, ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò," kí ilẹ̀ má sì gbóná.

Ọ̀gá sá fún iṣẹ́ abẹ ojú náà fún bí oṣù mẹ́ta. Lónìí, òjò ń rọ̀. Lọ́la, wọ́n fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn. Níkẹyìn, èmi fúnra mi ni mo lọ bá wọn nílé. Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó sì jáde." Wọ́n wọ bàtà.

Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí dókítà tú báńdéèjì ojú àkọ́kọ́. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n tún ṣẹ́jú. Wọ́n wo dókítà.

"Ṣé ìwọ lo fi ọ̀bẹ sí mi lójú? Ọmọdé ni ẹ́!"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ògiri, wọ́n wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara wọn, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìpéǹpéjú, ó gba etí ojú sọ̀ kalẹ̀, ó já sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò tíì rí i rí. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n sọ fún mi pé ó kéré," ni wọ́n wí. "Ó kéré, àbí?"

Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò tíì dáhùn ìbéèrè wọn lọ́nà mìíràn ju èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lọ.

"Rárá, sà," mo ní. "Ó tóbi."

Ọ̀gá mi orí.

"Mo rí i," ni wọ́n wí.